Màmá mi ní àwọn ò gba kímò mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbíkẹ́ Òkè-Àdó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ilé wọn ní Òkè-Àdó ni wọ́n ń gbé. Kókó kan wà nínú ọmú wọn òsì tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi obìnrin ló kíyè sí i nígbà tó ń bá wọn wọ aṣọ òde, ó rí i pé awọ ibẹ̀ ti fà wọnú. A gbé wọn lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì n'Ìbàdàn níbí. Wọ́n ya fọ́tò ọmú, wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì dé pé jẹjẹrẹ ni. Ó ti wọ abẹ́ abíyá, àmọ́ kò tíì dé ẹ̀dọ̀, kò tíì dé egungun. Dókítà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba kímò (chemotherapy, abẹ́rẹ́ tó ń pa jẹjẹrẹ) kí kókó náà lè súnkì, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ abẹ.

Bùrọ̀dá mi àgbà tó wà ní Kánádà ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó ránṣẹ́. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ jẹjẹrẹ létí Màmá, pé ìbẹ̀rù nìkan á pa wọ́n. A bá sọ fún Màmá pé kókó lásán ni, pé abẹ́rẹ́ máa yọ́ ọ. Wọ́n gba ti àkọ́kọ́. Èébì dá wọn dùbúlẹ̀, ẹnu wọn bó, irun wọn ń já sórí ìrọ̀rí. Ní báyìí, wọ́n ní kókó tí kò dun àwọn rárá, kí ló dé tí a fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa àwọn. Wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin náà ti gbé àgbo dé nínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ní òun ló wo ẹnì kan sàn ní àdúgbò wọn.

Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wọlé. Àbúrò mi ló ń sùn tì wọ́n. Ṣé ká sọ fún wọn ni? Oúnjẹ wo ni wọ́n lè jẹ? Báwo la ṣe fẹ́ ṣe ti àgbo yìí tí kò ní di ìjà ẹbí?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Àbíkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á wo Màmá sàn. Èmi náà tọ́jú ìyá mi nínú àìsàn yìí, wọ́n sì ń bẹ láàyè.

Ẹ sọ fún wọn. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kókó lásán ló wà lára òun, kí ni yóò mú un fara da irú èébì bẹ́ẹ̀? Màmá yín ò ya olóríkunkun. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wọn sọ ni wọ́n fi ṣèdájọ́, ìdájọ́ wọn sì tọ̀nà. Bí wọ́n bá ní kí n wá gba abẹ́rẹ́ tó ń já irun nítorí kókó tí kò dùn mí, èmi náà ò ní lọ.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹ̀yin ọmọ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ẹ bẹ dókítà kó fi Yorùbá bá wọn sọ ọ́, lórí ìjókòó, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ̀yin méjì péré wà níbẹ̀, kí èrò má pọ̀. Kí wọ́n má sì dárúkọ àìsàn náà kí wọ́n dákẹ́. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni kí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i. Ohun tó fi ìyá mi lọ́kàn balẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́ pé kò tíì tàn kálẹ̀.

Bọ̀dé Àpáta

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà ló lè gbé e. Ní ti bàbá mi, jẹjẹrẹ pròsítéètì ni, ti ọkùnrin. Ilé ìwòsàn kan ni wọ́n ti jù ú sí wọn létí pé jẹjẹrẹ ni. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n kọjú sógiri. Oúnjẹ, rárá. Ọ̀rọ̀, rárá. Gbogbo wa nínú ilé ló gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣáájú àìsàn pa wọ́n. Bùrọ̀dá yín ní Kánádà mọ ìyá wọn. Ẹ rọra.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Bùrọ̀dá Bọ̀dé, Ọlọ́run á dẹ̀lẹ̀ fún Bàbá. Níbo ni wọ́n ti sọ ọ́ fún wọn?

Bọ̀dé Àpáta

Lórí ìlà níta, níbi tí a ti ń dúró de káàdì. Èrò wà níwájú, èrò wà lẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn náà tó pa ènìyàn. Kò sí ẹni tó yẹ kó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ìlà.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìntì. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ sísọ àti àìsọ sílẹ̀ ná, nítorí ìyà tó jẹ Màmá yín lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ṣeé dín kù gan-an, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ló lé wọn sá.

Èébì ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Oògùn tí wọ́n ń kọ sí i, irú bí ondansetron, kí èébì tó dé la ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ pé àfi tí èébì bá gbé e. Ó ti pẹ́ jù nígbà náà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ni kí wọ́n lò ó, kódà bí inú wọn bá tutù. Ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, nítorí náà ẹ fún wọn ní ìbẹ́pẹ àti omi dáadáa. Bí wọ́n bá ń lo dexamethasone, oògùn mìíràn tí wọ́n ń fi dín èébì kù, pẹ̀lú rẹ̀, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, kì í sì í jẹ́ kí àgbàlagbà rí oorun sùn. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè lò ó láàárọ̀. Bí Màmá bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò nílé ni kí ẹ kó sínú ọ̀rá lọ fún dókítà wò. Bí wọ́n bá sì tún tọ̀ pupa lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà pupa bíi sóòbò, ó sì máa ń yọ nínú ìtọ̀ fún bí ọjọ́ kan sí méjì. Oògùn yẹn kan náà ló fà á tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yẹ ọkàn wọn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, ẹ bèèrè.

Ẹnu tó bó: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí, kí wọ́n máa fi yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ àti kí wọ́n tó sùn. Ẹ má ra oògùn ìfọnu tó ń ta ẹnu. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí wọ́n lò dípò pákò fún ìgbà yìí.

Oúnjẹ: díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú mílíìkì, ẹyin tó jinná dénú, mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata púpọ̀, ẹja, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì tí ẹ fa ata sẹ́yìn nínú ẹ̀. Kì í ṣe ìgbà yìí la ń sọ fún àgbàlagbà pé kó má jẹ ẹran. Ara ń wá ohun tó fẹ́ fi tún ara kọ́. Bí òórùn irú tàbí ti epo gbígbóná bá ń rú wọn nínú, kí àbúrò yín máa se oúnjẹ lẹ́yìnkùlé.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ kọ mọ́ ara ògiri. Ẹ ra tẹmọ́mítà. Bí ara wọn bá gbóná dé 38, ẹ má pè é ní ibà, ẹ má fún wọn ní paracetamol kí ẹ máa wòran, ẹ má ní kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn, kí ẹ sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá níbẹ̀ pé ẹni tó ń gba kímò ni. Láàárín bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Àìsàn kékeré lè gba ẹ̀mí láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn tó ń wá kí wọn, tí wọ́n bá ń wúkọ́, kí wọ́n kí wọn lórí fóònù.

Kọ́lá Ring Road

Kí ló dé tí wọn ò gé e kúrò kíá? Gbogbo ìdádúró yìí, ṣé àrùn ń dúró ni? Bó bá jẹ́ ìyá mi ni, iṣẹ́ abẹ ni màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Kọ́lá, ìdádúró kọ́ nìyẹn. Bí kókó bá tóbi tàbí tó ti wọ abẹ́ abíyá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń fi oògùn ṣáájú, kó lè súnkì, kí iṣẹ́ abẹ lè mọ́. Dókítà á sì tún rí i lójúkojú bóyá oògùn náà ń ràn án. Tí wọ́n bá ti gé gbogbo rẹ̀ tán, kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀?

Alhaja Ọjà'ba

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bú àgbo tán o. Àgbo la fi tọ́ gbogbo yín dàgbà. Èyí tó ń fún ara lókun, tí kò ní ọtí nínú, kò lè pa ènìyàn lára. Àwa tó mu ún, a ṣì wà.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Alhaja mi, ẹ kú àgbà. N kì í bú àgbo. Ara tí kò ní kímò nínú lọ̀rọ̀ yín bá mu. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń palẹ̀ kímò mọ́ nínú ara. Bí a bá tún da ewé àti egbò tí a ò mọ agbára wọn lé àwọn kan náà lọ́wọ́, kímò lè pẹ́ nínú ara ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kó jáde láìṣiṣẹ́. Mo ti rí aláìsàn tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí wọ́n ní láti dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró. Àgbo ni wọ́n ń fún un nílé, wọn ò sọ.

Alhaja Ọjà'ba

Mo gbọ́, ìyá mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, Àbíkẹ́, bí Màmá bá ti mu lára rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má tijú. Ẹ má sì da àgbo nù lójú àbúrò bàbá yín o, ìfẹ́ ló gbé e wá. Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún wọn: ẹ ní kí wọ́n máa wá sùn ti Màmá, kí àbúrò yín lè sinmi. Ẹni tó ń gbé àgbo wá ń wá ohun tí òun fẹ́ fi ọwọ́ ṣe ni.

Àbíkẹ́ Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun gidi gan-an. Mo pe bùrọ̀dá mi, a fa ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Níkẹyìn, wọ́n gbà pé kí dókítà bi Màmá fúnra wọn pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ tó. A lọ.

Dókítà obìnrin la bá. Wọ́n fa àga sún mọ́ Màmá, wọ́n ní, “Mọ́mì, àwọn kan fẹ́ gbọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé èsì, àwọn mìíràn fẹ́ ká máa bá ọmọ wọn sọ ọ́. Èwo lẹ fẹ́?” Màmá ní, “Èmi ni ẹ máa bá sọ ọ́. Ara mi ni.” Wọ́n sọ ọ́. Màmá dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá bèèrè bóyá ó lè ran ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Dókítà ní rárá, kì í ranni. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ ìyẹn ni èjìká wọn tó wálẹ̀. Wọ́n tún bèèrè pé ṣé abẹ́rẹ́ yìí nìkan ni ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Èsì náà fi hàn pé hòmóònù ló ń bọ́ jẹjẹrẹ wọn, ó sì lágbára níbẹ̀ gan-an. HER2, èròjà kan tó máa ń mú irú jẹjẹrẹ ọmú kan yára dàgbà, kò sí níbẹ̀. Dókítà ní ní irú ọjọ́ orí wọn, ọ̀nà méjì wà tí àwọn lè gbé lọ síwájú àwọn dókítà yòókù: kí wọ́n máa bá kímò lọ pẹ̀lú oògùn èébì tó dára sí i, tàbí kí wọ́n fi oògùn oníhóró, letrozole, ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Kò sí ẹni tó lè sọ èyí fún wa tẹ́lẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó lè bi Màmá ní ohun tí wọ́n fẹ́.

Inú bí wọn sí wa o. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òótọ́ sísọ, ọmọ tàwọn ló wá ń purọ́ fún àwọn.

Bọ̀dé Àpáta

Ìbéèrè tí dókítà yẹn bi wọ́n, èmi náà fara mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó bi bàbá mi. Mo ṣì gbà pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ní àwọn ò fẹ́ mọ̀, ó sì yẹ kí a gbà fún wọn.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

A gbà, bó bá ti ẹnu wọn jáde.

Ìbínú yẹn á rọ̀. Ẹ má ṣàlàyé jù, ẹ kàn máa tọrọ àforíjì. Nípa oògùn oníhóró, tamoxifen ni ìyá mi lò, 20 mg lójúmọ́. Oògùn yẹn rọrùn ju kímò lọ. Ṣé letrozole náà kọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hòmóònù làwọn méjèèjì ń bá jà. Tamoxifen máa ń dí ojú ibi tí hòmóònù ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì. Letrozole ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe hòmóònù náà, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró nìkan ló sì wà fún, bí wọn ò bá fi ìtọ́jú mìíràn kún un. 2.5 mg ni, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ewu tamoxifen ni kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀: bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dùn, ilé ìwòsàn. Ti letrozole ni oríkèé ríro àti egungun tó ń fẹ́lẹ́. Ó yẹ kí wọ́n wọn egungun Màmá, kí wọ́n sì bèèrè nípa calcium àti fítámì D.

Kí ẹ sì mọ̀ pé kò yára. Oṣù 4 sí 6, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀, ni wọ́n máa ń lò ó kí iṣẹ́ abẹ tó dé. Dókítà gbọ́dọ̀ máa wọn kókó náà láàárín rẹ̀. Bí kò bá súnkì, kí wọ́n yí ọ̀nà padà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó kéré tán ọdún 5 ni wọ́n á fi máa lo oògùn hòmóònù. Ẹni tó bá dá a dúró torí pé ara òun ti yá ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù.

Tóyìn Ojóò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí pé òun ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ṣé Màmá ní ìwé adójútòfò ìlera kankan? NHIS, ti ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀, ti di NHIA láti 2022, ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa sì ni OYSHIA. Ẹ bi wọ́n ní pàtó ohun tó kó mọ́ ọn àti èyí tí kò kó mọ́ ọn, kí ẹ gba ìdáhùn náà sórí ìwé. Ìjọba àpapọ̀ ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́, ti ọmú, ti ọrùn ilé ọmọ àti ti pròsítéètì ni, UCH sì wà lára àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn medical social worker, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó àti ìṣòro ilé, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ẹ má dúró dìgbà tí owó bá tán.

Ẹ ṣe fótòkọ́pì gbogbo èsì, ẹ tún fi fóònù yà á. Fáìlì ìyá ọ̀rẹ́ mi sọnù ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní kí wọ́n tún gé ara wọn lọ yẹ̀ wò. Kí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹbí sì ti múra sílẹ̀ láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Tóyìn ti sọ gbogbo rẹ̀. Kí n fi ti lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kún un. Wọ́n á fi rọ́bà kan sábẹ́ apá tó ń fa omi jáde sínú ike. Ẹ máa wọn omi yẹn, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á bèèrè. Bí wọ́n bá ti yọ kókó abẹ́ abíyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi apá yẹn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Apá yẹn lè wú, ó sì lè má lọ. Ìyá mi ò gbé omi mọ́, wọn ò gún iyán mọ́. Àmọ́ kí wọ́n máa ṣe eré apá tí wọ́n bá kọ́ wọn, kí apá má bàa gan.

Ọ̀rọ̀ ọmú kan tó kù: ẹ má rò pé àgbàlagbà ò ní í ronú nípa rẹ̀. Ìyá mi lọ sọ́dọ̀ téélọ̀ wọn, ó bá wọn rán tìmùtìmù kékeré sínú kọ́mú. Ọjọ́ tí wọ́n wọ bùbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sẹ́ni tó mọ̀, orin ni wọ́n kọ délé.

Kọ́lá Ring Road

Radiotherapy, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ńkọ́? Wọ́n ní ó máa ń jó ènìyàn.

Tóyìn Ojóò

Kì í dunni nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, Ajé sí Ẹtì. Ti àwọn kan jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún láàárín ọ̀sẹ̀ 3, ti àwọn mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ 5. Awọ lè dúdú, ó lè bó. Kí wọ́n má fi kànìnkànìn yún un, kí wọ́n má fi àdí tàbí òrí pa á láìbéèrè. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ láàárín ìtọ́jú, ẹ má jókòó sílé máa retí ìpè, ẹ lọ bá dókítà, kí ó sọ bí wọ́n ṣe máa dí àwọn ọjọ́ tó fò. Ohun tó ń rẹ àgbàlagbà ni lílọ-bíbọ̀ ojoojúmọ́ yẹn. Láti Òkè-Àdó, ẹ bá onímọ́tò kan ṣe àdéhùn, kí Màmá má máa já bọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Àbíkẹ́, ìwọ àti àbúrò rẹ náà ńkọ́? Bí ìyá bá ní in, ewu ọmọbìnrin rẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ lọ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò, kí ẹ sọ ìtàn ẹbí yín fún un, títí kan ti ìdílé bàbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, ti bá àwọn dókítà níbí ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí jẹjẹrẹ ọmú obìnrin dúdú. Ara ohun tí iṣẹ́ wọn fi hàn ni pé ó ń mú àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí láàárín wa. Ẹ má ní ó di ìgbà tí ẹ bá dàgbà.

Àbíkẹ́ Òkè-Àdó

Mo dúpẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. A máa lọ, èmi àti àbúrò mi.

Letrozole ni Màmá mú, àwọn dókítà sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní bí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn máa padà gba kímò, àmọ́ kí a sọ fún àwọn ní àsọyé. Àǹtí wa ti ń wá sùn níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń bèèrè nípa àgbo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Màmá fúnra wọn ló ń dá wọn lóhùn.

Dókítà ti kọ̀wé pé kí wọ́n wọn egungun wọn. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é n'Ìbàdàn tí àtẹ̀gùn kì í pọ̀, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi. Orúnkún wọn ò gba gígùn-òkè.